Ta Ló Ni Ilé tí Ọ̀rọ̀ Wa Ń Gbé? Ìtàn phpBB, b2 àti WordPress

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Òwe yìí ló yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ohun kan ní èdè Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í léfòó lójú ọ̀run. Inú ilé kan ló ń gbé. Ilé náà ní onílé, ó ní ilẹ̀kùn, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: ta ló ni ilé náà, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí onílé bá sọ pé òun fẹ́ tilẹ̀kùn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1994 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí GeoCities sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ń fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní àyè lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbé ojú-ewé tirẹ̀ kalẹ̀. Yahoo rà á ní ọdún 1999. Àìmọye ènìyàn káàkiri àgbáyé ló kó ìtàn ìdílé wọn, ewì wọn, àwòrán wọn àti ìwádìí wọn sí ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2009, Yahoo pa á dé. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, pàápàá àwọn tó ń jẹ́ Archive Team, sáré kó ohun tí agbára wọn ká, ṣùgbọ́n wọn kò lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Onílé kò rú òfin kankan: ilẹ̀ rẹ̀ ni, ilé rẹ̀ náà ni. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ ló ti gbàgbé pé ayálégbé ni àwọn.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ ìkànnì tirẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé gbogbo ayé lọ́wọ́. Bí ìtàn náà ti kàn wá gẹ́gẹ́ bí elédè Yorùbá ni yóò hàn bí a bá ti ń bá a lọ.

Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira

Ní ọdún 1983 ni Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò kọ àkójọpọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan, ó sì pè é ní GNU. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóòdù pamọ́, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Ẹni tó ra ètò lè lò ó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tú u wò, kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ra ọbẹ̀ ní búkà, tí wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi sè é, kò gbọ́dọ̀ fi iyọ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ bu díẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tọ́ wò.

Ní ọdún 1989, Stallman gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí a ń pè ní GPL. Ẹ̀dà kejì rẹ̀, èyí tó tàn kálẹ̀ jù lọ, jáde ní ọdún 1991. Òmìnira mẹ́rin ni ó rọ̀ mọ́. Èkínní ni kí ènìyàn lo ètò náà fún iṣẹ́ tó bá wù ú. Èkejì ni kí ó ṣí i wò, kí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì tún un ṣe bí ó bá fẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ó fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí ó pín èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti tún ṣe. Àdéhùn kan péré ló so mọ́ ọn: ẹni tó bá tún un ṣe tó sì ń pín in kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣòro kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí èdè tiwa kò ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti fún ẹni tí kò sí nínú ìdè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Stallman fi ń ṣàlàyé pé kì í ṣe owó ni òun ń sọ. Ìdàrúdàpọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn kan fara mọ́ orúkọ tuntun tí Christine Peterson dá lábàá ní oṣù kejì ọdún 1998, ìyẹn "open source", tó ń tọ́ka sí kóòdù tó ṣí sílẹ̀ láti orísun rẹ̀. Yorùbá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́tipẹ́: ọ̀fẹ́ ni ti owó, òmìnira ni ti ìdè. Bí a bá fi ojú èdè wa wò ó, ọ̀rọ̀ náà yé wa kíákíá. GeoCities jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òmìnira nínú rẹ̀. Ohun tí GPL ń fúnni ni òmìnira, yálà a sanwó ni o tàbí a kò san.

Àwọn irinṣẹ́ tó ṣáájú

Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ́ ilé, ó ní láti rí àdá, ọkọ́ àti pákó. Àárín ọdún 1995 ni irinṣẹ́ mẹ́ta tí ìtàn yìí dúró lé jáde. Èkínní ni Apache, ètò tó ń jókòó sórí sáfà tó sì ń dá àwọn olùkàwé lóhùn. Èkejì ni PHP tí Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún ojú-ewé. Ẹ̀kẹta ni MySQL, àká tí a ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Sweden ṣe. Michael Widenius, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ My pè é. Nígbà tó tún ya ẹ̀ka mìíràn lára rẹ̀ ní ọdún 2009, ó fi orúkọ àbúrò My, Maria, pe ìyẹn ní MariaDB. Àwa máa ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ni baba yìí wò kí ó tó sọ iṣẹ́ lórúkọ.

Bí irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò le láti yéni. Olùkàwé béèrè fún ojú-ewé kan. Apache gbọ́ ìbéèrè náà. PHP sáré lọ sínú àká, ó gbé ọ̀rọ̀ tí a ń fẹ́ jáde, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó sì gbé e síwájú olùkàwé. Ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tuntun kò ní láti tún ojú-ewé kankan ṣe lọ́wọ́. Yóò kàn sọ ọ̀rọ̀ náà sínú àká, iṣẹ́ sì parí. Owó táṣẹ́rẹ́ lóṣù ni ènìyàn lè fi háyà àyè lórí sáfà tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

phpBB: gbàgede ìjíròrò fún mẹ̀kúnnù

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2000 ni James Atkinson bẹ̀rẹ̀ sí í kọ phpBB. Ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nígbà náà fún gbàgede ìjíròrò ni èyí tí a ń pè ní UBB. Atkinson fẹ́ irú rẹ̀ fún ìkànnì ara rẹ̀, ó sì fi PHP àti MySQL kọ ọ́. Kò fi iṣẹ́ náà sínú àpò. Ó gbé e síta lábẹ́ GPL, àwọn ẹlòmíràn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀dà 1.0 ti jáde. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀, ẹ̀dà 2.0 sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2002.

Ohun tí phpBB ṣe ni pé ó sọ gbàgede ìjíròrò di ohun tí ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè ní. Ṣáájú ìgbà yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ irú rẹ̀ ló ń ra ètò, tàbí kí wọ́n lọ dúró sábẹ́ òrùlé ilé-iṣẹ́ ńlá. Nísinsin yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní sùúrù lè kó àwọn fáìlì náà sórí sáfà, kí ó tẹ orúkọ àká rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì ṣí gbàgede kan tó jẹ́ tirẹ̀, níbi tí ó ti lè fúnra rẹ̀ ṣòfin bí a ó ti máa bára wa sọ̀rọ̀.

b2: nígbà tí ọ̀gá ilé dàwátì

Ní ọdún 2001, Michel Valdrighi, ọ̀dọ́kùnrin kan ní erékùṣù Corsica ti ilẹ̀ Faransé, gbé ètò kan jáde tí ó pè ní b2, tí a tún mọ̀ sí cafelog. Búlọ́ọ̀gù ni a fi í kọ. PHP ló fi kọ ọ́, GPL náà ló sì gbé e kalẹ̀ lé lórí. Ẹwà b2 ni pé bí ènìyàn bá ti kọ ọ̀rọ̀ tán, lójú ẹsẹ̀ ni yóò hàn sí olùkàwé.

Àmọ́ nígbà tí ọdún 2002 ń lọ sópin, Valdrighi dákẹ́. Àwọn tó ń lo ètò rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́, àtúnṣe dúró, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀. Ká ní ètò tí wọ́n fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ ni, ibẹ̀ ni ìtàn b2 ìbá parí sí. Àwọn tó ń lò ó ìbá kàn máa wo bí ilé wọn ti ń wó lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2003, Matt Mullenweg, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ó ní ètò tí òun ń lò ti di aláìlólùtọ́jú, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà kí ẹlòmíràn gbé e láti ibi tí ó dé dúró. Ọjọ́ kejì ni Mike Little dá a lóhùn láti Stockport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ọkàn rẹ̀ wá, òun náà fẹ́ bá a lọ́wọ́ sí i. Báyìí ni ẹni méjì tí òkun pín níyà ṣe gbé ẹrù tí ẹni kẹta sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ Mullenweg kan, Christine Selleck Tremoulet, ló sọ ọmọ náà lórúkọ: WordPress. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, 0.7, jáde ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2003.

Bí Valdrighi ṣe padà gbúròó àwọn ènìyàn, kò bínú. Ó fọwọ́ sí i pé WordPress ni àrólé b2. Kì í sì í ṣe ẹ̀ka kan ṣoṣo ló yọ lára igi náà. François Planque ti ya ẹ̀ka b2evolution, Donncha Ó Caoimh ní ilẹ̀ Ireland sì ti ya ẹ̀ka b2++. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wá di WordPress MU, tí a fi ń tọ́jú ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀gù sábẹ́ òrùlé kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde, wọ́n da MU pọ̀ mọ́ WordPress. Ẹ̀ka tó ti ya tún padà wọ inú igi.

Ẹ̀kọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2004

Ètò tí ọ̀pọ̀ àwọn gbajúmọ̀ akọ̀wé búlọ́ọ̀gù ń lò nígbà náà kì í ṣe WordPress. Movable Type ni, èyí tí tọkọtaya Ben àti Mena Trott gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Ó dára, ó lẹ́wà, ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ kì í sì í sanwó. Ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò jẹ́ òmìnira. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, ẹ̀dà 3.0 dé pẹ̀lú àdéhùn tuntun. Wọ́n fi ààlà sí iye akọ̀wé àti iye búlọ́ọ̀gù tí ènìyàn lè ní láìsanwó, ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ sì ní láti san.

Àwọn Trott kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Àwọn ló kọ ètò wọn, ó sì tọ́ kí wọ́n jẹun nídìí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé ẹnì kan wà tó lè yí àdéhùn ilé padà lórí wọn. Mark Pilgrim, tí orúkọ rẹ̀ ti tàn láàárín àwọn akọ̀wé búlọ́ọ̀gù, ṣírò rẹ̀ pé 535 dọ́là ni òun ìbá san. Ó kó lọ sí WordPress, ó sì fi 535 dọ́là náà ta àwọn tó ń kọ WordPress lọ́rẹ. Ìyẹn ni pé kì í ṣe owó ló ń sá fún. Ní oṣù kan náà ni ẹ̀dà 1.2 ti WordPress jáde, èyí tó fàyè gba àfikún tí ẹnikẹ́ni lè kọ láti fi kún agbára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún un. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, ìṣirò W3Techs fi hàn pé ó ju 40% àwọn ìkànnì ayé lọ tó ń lò ó.

Níbo ni ẹ, ọ àti ṣ wà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ní oṣù kìíní ọdún 1875 ni àwọn ìjọ ajíhìnrere pàdé ní Èkó lábẹ́ àga Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí phpBB dé ní ọdún 2000, ọdún 125 ti kọjá lórí ìpàdé náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò tíì mọ lẹ́tà wa.

Ìdí rẹ̀ ni pé tábìlì lẹ́tà tí àwọn ètò wọ̀nyí ń lò ni Latin-1, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1987 fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Àyè 256 péré ló wà nínú rẹ̀. Á, à, é, è, ó àti ò wà níbẹ̀, nítorí pé èdè Faransé, Pọtogí àti àwọn mìíràn nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Àmì ohùn ni a rí yá lọ́wọ́ àwọn àlejò. Lẹ́tà tiwa gan-an ni a kò rí. MySQL náà kò yàtọ̀: nítorí ibi tí wọ́n ti bí i, bí a bá kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, Latin-1 ni ó ń lò, ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì Sweden ni ó sì fi ń to ọ̀rọ̀. Ẹ̀dà 4.1 ti ọdún 2004 ni ó fi mọ Unicode, tábìlì tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ó sì di ẹ̀dà 8.0 ní ọdún 2018 kí Unicode tó di ohun tí ó ń lò láìjẹ́ pé a sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí ń fà. Ní ìlànà UTF-8 tí a fi ń tọ́jú Unicode, ẹ gba àyè mẹ́ta, tí a ń pè ní báìtì mẹ́ta. Bí ètò tó mọ Latin-1 nìkan bá kà á, yóò rò pé lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì gbé áº¹ síwájú olùkàwé. Ṣ yóò di á¹£. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́un yóò ti rí ẹran yìí rí. Nínú phpBB 2.0 tí a gbé kalẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni ìyà náà gbà wá: ọ máa ń wọ inú àká gẹ́gẹ́ bí &#7885;, tó jẹ́ àmì méje. Ọ̀rọ̀ kékeré bí "ọmọ" wá di àmì 15 nínú àká. Yóò hàn dáadáa lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwárí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni.

Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè kọ ọ́ ní ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ohun mẹ́ta ni wọ́n.

Níbí ni òmìnira tí à ń sọ ti wúlò. Nínú phpBB 2.0, ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì èdè rẹ̀ ló sọ irú tábìlì lẹ́tà tí yóò lò. Ẹnikẹ́ni lè ṣí fáìlì náà, kí ó kọ utf-8 síbẹ̀. Iṣẹ́ kò tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí onílé tí a ní láti bẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Jàpáàn, tí lẹ́tà wọn kò sí ní Latin-1 rárá, kò dúró de ẹnikẹ́ni: láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ya ẹ̀ka WordPress tí yóò gba èdè wọn. Ẹ̀dà 1.2 ti ọdún 2004 wá fàyè sílẹ̀ kí a lè túmọ̀ gbogbo gbólóhùn inú ètò náà sí èdè yòówù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ẹ̀dà 2.2 jẹ́ kí onílé fúnra rẹ̀ sọ irú tábìlì lẹ́tà tí àká rẹ̀ yóò lò. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, phpBB 3.0 jáde, UTF-8 sì ni ó ń lò látòkè délẹ̀. Ó tún ń sọ oríṣi ẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan kí ó tó kó wọn pamọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè lè wò ó pé iye elédè Yorùbá tó ń ra ọjà òun kò tó ohun tí òun yóò torí rẹ̀ tún ètò kọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojúṣe tí ará Jàpáàn tàbí Rọ́ṣíà ṣe nítorí ara rẹ̀ di àǹfààní fún wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tó kọ́lé ni yóò tún òrùlé ṣe

Òmìnira ní ẹrù tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, àwọn tó ń tọ́jú phpBB gbé ẹ̀dà 2.0.11 jáde láti dí ihò kan tí wọ́n rí nínú kóòdù. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Santy jáde. Ó ń fi Google wá ìkànnì tó ń lo phpBB, ó ń gba ihò náà wọlé, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bo ọ̀rọ̀ onílé mọ́lẹ̀. Google ní láti dí ìwárí rẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Ẹni tó ti gbé ẹ̀dà tuntun sórí sáfà rẹ̀ kò rí ogun náà. Ẹni tó sọ pé òun yóò ṣe é lọ́la ni ogun bá nílé.

Ní Nàìjíríà, gbàgede Nairaland tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 rí irú ogun mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún 2014. Àwọn kan wọ inú sáfà rẹ̀, wọ́n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, gbàgede náà sì pòórá fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà. Nítorí náà, ẹ̀dà ìpamọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ohun tí ó jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Bí iná bá jó ilé, a kì í wá aṣọ ìpààrọ̀ lọ sínú yàrá rẹ̀.

Ẹnubodè náà ní olówó

Ìtàn tó sún mọ́ wa jù fi hàn pé ọ̀rọ̀ òmìnira kì í tán bọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ní ọdún 2010 ni wọ́n fi orúkọ WordPress sábẹ́ àjọ kan tí kì í wá èrè. Ṣùgbọ́n ìkànnì WordPress.org, níbi tí àwọn ìkànnì yòókù ti ń gba àtúnṣe àti àfikún, wà lábẹ́ àṣẹ Mullenweg. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ilé-iṣẹ́ WP Engine, tó ń háyà àyè fún àwọn onílé WordPress. Wọ́n ti ẹnubodè mọ́ WP Engine, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì lè gba àtúnṣe bí ti àtẹ̀yìnwá. WP Engine gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ ní California ní oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Linux Foundation kéde iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní FAIR, láti la ọ̀nà mìíràn tí àfikún àti àtúnṣe yóò máa gbà.

Ẹ kò rí i bí? Kóòdù wà ní òmìnira, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí kóòdù ń gbà dé ilé ẹni lè ní olówó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti GeoCities ni pé níbí, ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lè la ọ̀nà mìíràn. Ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí WordPress jáde lára b2 kò tíì yí padà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 ṣe ní ọdún 2003, ẹlòmíràn lè ṣe é sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ẹ ń kó oríkì jọ, tí ẹ ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, tí ẹ ń ṣàkójọ àlọ́ àti orúkọ ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àgbà tó sọ ìtàn náà fún yín lè má sí láti tún un sọ. Ẹ fi orúkọ ìkànnì yín sábẹ́ orúkọ ara yín, kí ẹ lè kó kúrò ní sáfà kan lọ sí òmíràn láìsọnù. Ẹ lo ètò tí ẹ lè ṣí wò, ẹ sì rí i dájú pé UTF-8 ni ojú-ewé àti àká ń lò kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ máa gba àtúnṣe lásìkò. Láti ẹ̀dà 2.1 ti ọdún 2007 ni WordPress ti lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìkànnì jáde sínú fáìlì kan. Ẹ máa kó o jáde lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá sì rí lẹ́tà wa tó daṣọ mìíràn bora nínú ètò kan, ẹ má ṣe kàn rojọ́. Ẹ ṣí kóòdù náà wò, tàbí kí ẹ wá ẹni tó lè ṣí i, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì.

Valdrighi dákẹ́, ètò rẹ̀ kò kú. Kí ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa sọ fún wa náà má ṣe bá onílé kankan lọ. Ire o.